Ṣé O Fi Í Sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò sunkún lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí àpótí ìránṣọ ìyá wa, ó ń da òwú àti bọ́tìnnì sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi ti báàgì léjìká. Nígbà tó máa gbórí sókè, àlùmọ́gàjí ìyá wa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbà," ó ní.

Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, èmi tí mi ò lè gé èékánná ara mi kó gún.

"Mi ò ní kí o fi ṣe nǹkan kan. Gbà á ni mo ní."

Télọ̀ ni ìyá wa. Kó tó kú, ó ti ra aṣọ kan fún ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ aláwọ̀ ewé tó ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó ti wọn ẹ̀gbọ́n mi láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, àìsàn sì gbé e dè kó tó gé e. Aṣọ náà wà nínú àpótí bó ṣe wà. Ẹ̀gbọ́n mi, tí òun náà ń jẹun lẹ́nu abẹ́rẹ́, ti sọ pé àlùmọ́gàjí mìíràn kò ní kàn án. Ẹ rí ọgbọ́n tó wá dá báyìí: aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi. Títí n ó fi padà dé, ẹnikẹ́ni kò ní gé nǹkan kan.

"Má sọ ọ́ nù," ó ní. "Má fi yá ẹnikẹ́ni. Mú un padà bó ṣe rí yìí."

Ìyá wa ti we àkísà pupa mọ́ ojú ihò tí àtàǹpàkò ń gbà, nítorí irin náà ti bó o lọ́wọ́ sú u. Àkísà ọ̀hún ti dán, ó ti mu òógùn rẹ̀ yó. Mo fi aṣọ ìnujú mi dì í, mo kì í bọ abẹ́ bẹ́líìtì, mo sì bọ́ sọ́nà.

Ìlú tí mo kọ́kọ́ dúró sí jìnnà sílé, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa pọ̀ ládùúgbò tí mo gbà, tó fi jẹ́ pé mo lè rìn láti ìsọ̀ alágbàtúnṣe bàtà dé ìsọ̀ oníbúrẹ́dì kí n má gbọ́ èdè mìíràn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi níwájú kò tíì yọjú. Yàrá mi ní fèrèsé kan ṣoṣo, ògiri ló kọjú sí. Bí mo bá jókòó síbẹ̀ pẹ́, mo máa ń gbọ́ ohùn ìyá mi bó ṣe máa ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń wọ̀n wọ́n: "Dúró gbọọrọ. Má mí."

Ìyá onílé mi ló rí i pé ìjókòó lásán ti fẹ́ sọ mí di nǹkan mìíràn.

"Wò ó," ó ní, "àwọn kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ tí wọ́n ń fi irin àlòkù ṣe ẹyẹ. Lọ yọ̀ǹda ara ẹ fún wọn. Wọn ò ní fún ọ ní kọ́bọ̀ o, ṣùgbọ́n wàá rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ, o ò sì ní máa bá mi ka igi àjà mọ́."

Bí mo ṣe di olùyọ̀ǹda ara ẹni nìyẹn, èmi tí mi ò yọ̀ǹda ara mi fún nǹkan kan rí àfi oorun.

Gáràjì ọkọ̀ ni ilé iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ga tó ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà wọlé. Gíláàsì òkè ti dúdú, oòrùn tó bá gba ibẹ̀ wọlé á ti rẹ̀ kó tó dé ilẹ̀. Òórùn irin gbígbóná máa ń dúró síni lẹ́nu bí ìgbà téèyàn bá bu ara rẹ̀ jẹ ní ètè. Ẹyẹ wà níbi gbogbo: òwìwí tí nọ́ọ̀tì ọkọ̀ di ojú rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ tí kẹ́tùlù jẹ́ ikùn rẹ̀, àgbébọ̀ adìyẹ kan tí wọ́n fi sípíríǹgì bẹ́ẹ̀dì ṣe, tó máa ń mì tìtì bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn. Láàárín wọn ni lékèélékèé kan dúró sí, ó ga jù mí lọ. Ọ̀pá irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣíbí tí wọ́n lù pẹlẹbẹ ni ìyẹ́ rẹ̀, ó ń dán ketekete. Ó ní ọrùn, ó ní orí. Kò ní ẹnu.

Obìnrin kan lóṣòó sídìí rẹ̀, iná ń fò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìbòjú rẹ̀ sókè, ó wò mí.

"Ṣé ìwọ ni àlejò ìyá onílé?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n jó?"

Ìbéèrè náà yà mí lẹ́nu. "Mo máa ń jó díẹ̀, mà, bí wọ́n bá fi ipá mú mi."

Ọkùnrin sísanra kan tó ń fá irin létí ògiri pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó dì mọ́ ikùn. "Àǹtí Ajórin," ó ní, "irin lẹ bi í, ìbàdí ló fi dá yín lóhùn. Ẹ sún ẹyẹ yẹn sẹ́yìn o, kó má baà jó lù ú."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń jó ni ẹni tó ń fi iná lẹ irin mọ́ irin. Orúkọ mi ti di Oníjó kí n tó jókòó. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó lè jẹ́ pé jó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò bó ṣe wù wọ́n níbẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin sísanra yẹn, nítorí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kò borí ẹnu rẹ̀ rí. Ọ̀gá tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ jẹ́ bàbá gbígbẹ kan, òòlù ti gba etí rẹ̀ lọ, ó ku díẹ̀ kó má gbọ́ nǹkan kan mọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní Bàbá Ẹlẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, àfìgbà táwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn sá fún un, ni wọ́n bá yára padà sí Ọ̀gá.

Ọ̀gá wo bẹ́líìtì mi. "Irin kì í bá ẹni ṣiṣẹ́ níbí," ó ní, ohùn rẹ̀ rọra. "Iná máa ń wá irin kiri. Bó bá bá a lára ẹ, ara ẹ ló máa jó. Bọ́ gbogbo ẹ̀."

Mo tú bẹ́líìtì. Bí mo ṣe ń tú u lọ́wọ́, obìnrin kan ti ìta wọlé, ó gbé áyọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́ dání, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì irin. Àǹtí Ajórin kò gbé ìbòjú.

"Ṣé ẹ fi í sílẹ̀?"

"Mo fi í sílẹ̀," obìnrin náà ní, ó gbọn ọwọ́ nù, ó bá tiẹ̀ lọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù, ó jù ú sórí òkìtì.

Ojú mi báyìí ló ṣẹlẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Mo fi bẹ́líìtì kọ́ ìṣó lára ògiri. Àlùmọ́gàjí ni kò ṣeé kọ́. Mo fi kọ́ ìṣó, ó yọ̀, ó fẹ́ já lu ẹsẹ̀ mi. Báàgì mi wà nílé. Tábìlì kún fún irin. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ń pariwo pé kí n wá nǹkan fi di imú, kí n má fa eérú irin símú kí n wá di ẹyẹ lọ́la. Ni mo bá tú aṣọ ìnujú kúrò lára àlùmọ́gàjí, mo fi di imú, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì rọra gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri, níhòòhò, kò jìnnà sí ẹsẹ̀ lékèélékèé.

Ohùn kan jáde lábẹ́ ìbòjú, ẹ̀rọ ń ké, iná ń hó.

"Ṣé o fi í sílẹ̀?"

Mo rò pé òfin Ọ̀gá ló ń tẹ̀lé, pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá irin ti kúrò lára mi.

"Mo ti fi í sílẹ̀, mà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"O ṣeun gan-an ni."

Mo ń ronú ohun tó ń dúpẹ́ fún bí mo ṣe ń bá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo ní bóyá wọ́n ti rí àwọn olóríkunkun tó kọ̀ láti bọ́ bẹ́líìtì rí.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi kò le. Irin tí aráàlú kó wá ga bí ilé níbẹ̀: ìdè ilẹ̀kùn, ṣéènì kẹ̀kẹ́, ìkòkò tó lu, kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilé mọ́. Òòfà ńlá kan wà tí wọ́n so mókùn. Èyí tí òòfà bá gbé lọ sápá kan, èyí tí kò bá gbé lọ sápá kejì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jókòó sórí táyà, ó ń fá ṣíbí fún ìyẹ́ ẹyẹ, ó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò.

"Níbo lo dojú kọ láti ibí?"

Mo sọ fún un.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìyẹn, n ó padà sílé."

"Káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́," ó ní. "Èmi náà ti ń padà sílé láti ìgbà tí mo ti nírun lórí." Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. "Àjò kò dùn kónílé má relé, àbí? Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rin àjò tó gbówó lọ́wọ́ ẹ̀ rí."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Ọwọ́ mi ń lọ síbi ìdí lemọ́lemọ́, níbi tí àlùmọ́gàjí máa ń wà. Bí ọwọ́ bá débẹ̀ tí kò bá nǹkan kan, àyà mi á já, n ó wá rántí pé mo gbé e kalẹ̀ nínú ilé. Mo gbé òòfà, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ mi tún lọ.

"Kí ló wà níbẹ̀," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "tí o fi ń fọwọ́ bà á bí aboyún?"

Mo sọ fún un. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀, aṣọ tí wọn ò gé, àkísà pupa, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ilé ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbọ́ títí, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, èyí tó yẹ kó ti kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Níbo ló wà báyìí?"

"Nínú ilé níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri."

Ó gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Oníjó. O fi í sílẹ̀ ni, àbí o gbé e sílẹ̀?"

"Kí ni ìyàtọ̀?"

"Ṣé ẹnikẹ́ni bi ọ́?"

"Àǹtí bi mí. Mo ní mo ti fi í sílẹ̀."

Ó dìde. Ọkùnrin tó sanra tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó lè yára dìde. "Gbogbo irin tó o rí níbí yìí," ó ní, "ẹni tó ni ín ló gbé e wá, tí a sì bi í pé ṣé ó fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní òun fi í sílẹ̀, ó ti fi í fún ẹyẹ nìyẹn. Ìyẹn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹyẹ ni Àǹtí ṣì ń jó."

Kò jó ẹsẹ̀ mọ́.

Àǹtí Ajórin ti gbé ìbòjú sórí, ó fa ara sẹ́yìn, ó ń wo iṣẹ́ rẹ̀ bí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun ọmọ tán. Lékèélékèé ti ní ẹnu. Ẹnu náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó là díẹ̀, bí ẹni tó ní nǹkan í sọ tó ń dúró kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀ tán. N kò ní purọ́, ó rẹwà. Ká ní mi ò mọ̀ ọ́n, èmi náà ì bá ti yìn ín. Nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, àkísà pupa wà níbẹ̀, iná ti jẹ etí rẹ̀ kan.

"Mà," mo ní. "Mà, tèmi nìyẹn."

"Mo mọ̀ kẹ̀." Inú rẹ̀ ń dùn. "Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá ẹnu tó máa bá orí yìí lọ. Ọ̀gá lu irin títí, gbogbo ẹ̀ ń dà bí ẹnu ìkòkò. Nígbà tí mo rí tìẹ nílẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Olúwa á fi ju bẹ́ẹ̀ lọ dá ọ lọ́lá."

"Mi ò fún yín, mà."

Ó wò mí, ó wo Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó dúró lẹ́yìn mi tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo bi ọ́," ó ní.

"Ẹ bi mí, mà. Mo rò pé ẹ ní ṣé mo ti bọ́ ọ kúrò lára ni. Mo ní mo ti fi í sí ilẹ̀."

"Mo ní ṣé ó dá ọ lójú."

"Ó dá mi lójú pé mo fi í sí ilẹ̀, mà."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní. "Ẹni méjì sọ ọ́, ẹni méjì gbọ́ ọ." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó bá mi sọ ìyókù fún Àǹtí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú obìnrin náà ń yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àkísà pupa nílẹ̀, ó fi ìka tẹ ibi tí iná ti jẹ ẹ́. Ó tún ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá jáde sí wa. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní láti kígbe mọ́ ọn létí. "Kò fi í sílẹ̀, Ọ̀gá. Ó gbé e sílẹ̀ ni."

"Ó fi í sílẹ̀?"

"Kò fi í sílẹ̀."

Bàbá náà yíjú sí ẹyẹ rẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ló ni ín. Ọkọ̀ tó máa gbé e ń bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀; wọ́n ti mọ ìdúró rẹ̀ sí gbàgede, wọ́n sì ti sọ fún àwọn ọmọ tó dùbúlẹ̀ pé kí wọ́n máa wo ojú fèrèsé. Àǹtí ló sọ ìyẹn fún mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀gá kò mẹ́nu bà á.

"Ta ló ni ín?" ó bi mí.

"Ìyá mi ni, sà."

"Ṣé wọ́n wà láyé?"

Mo mi orí.

"Ohun tí ẹni tó ni ín kò bá fi sílẹ̀," ó ní, "kì í ṣe ti ẹyẹ mi. Ohun tó bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe." Ó yípadà, ó lọ jókòó sórí àpótí irin, ó kẹ̀yìn sí wa. Ìkẹ̀yìnsíni yẹn dùn mí ju èébú lọ.

"Mo lè gé e kúrò," Àǹtí Ajórin ní. "Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́ jẹ. Mo ti jó ìdè àárín ẹ̀ pọ̀, kó má baà máa mì. Bó bá kúrò, kò lè pa ẹnu dé mọ́ láé. Ojú ẹ̀ náà ti gba iná, ó ti kú."

"Ṣé kò ní gé aṣọ?"

"Kò ní gé nǹkan kan."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fọwọ́ kan èjìká mi. "Bó bá dúró síbẹ̀, Oníjó, ẹnu ẹyẹ ni. Bó bá bá ọ lọ, irin ni. Èmi kàn ń sọ bó ṣe rí ni o."

Mo ronú kan àwọn ọmọ tó ń wo ojú fèrèsé. Mo ronú kan ẹ̀gbọ́n mi. Mú un padà bó ṣe rí yìí, ohun tó sọ nìyẹn. Mo wá ń fi ọkàn gé ọ̀rọ̀ náà, bí ìyá wa ṣe máa ń gé aṣọ tó ní àbùkù kó lè rí ibì kan yọ níbẹ̀. Bó ṣe rí yìí ti lọ. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa dá a padà. Ṣùgbọ́n mú un padà ṣì wà níbẹ̀, kò tíì fọ́, èmi nìkan ni mo sì lè fọ́ ọ.

"Ẹ bá mi gé e, mà."

Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó fa ìbòjú bojú. Irin ké bí ẹni tí wọ́n jí lójijì, iná fọ́n ká, àlùmọ́gàjí sì já bọ́ sínú garawa omi, ó hó, ó dákẹ́. Nígbà tí ó fi máa yọ ọ́ jáde, ó ti dúdú, ó ti la ẹnu sílẹ̀ gbàà. Ó fi èyí tó kù nínú àkísà pupa nù ún, ó we é mọ́ ojú ihò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí mi lọ́mọ.

"Má bínú sí mi," ó ní.

Mo fẹ́ sọ pé mi ò bínú. Mo wo ẹyẹ náà, tí iwájú orí rẹ̀ ti ya yánnayànna, mo sì fi aṣọ ìnujú mi di àlùmọ́gàjí náà.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó kó ìdè ilẹ̀kùn àti ṣéènì wá, ó ń gbé wọn sí ẹyẹ náà lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n dà nù. Àǹtí wò ó títí. Ó wá fa ẹ̀mú rẹ̀ yọ nínú àpò ìdí rẹ̀, ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn kan tí ọwọ́ ti sọ di dídán. Ó gbé e sí orí lékèélékèé náà. Ó bá a mu, kì í ṣe bí tàlùmọ́gàjí, ṣùgbọ́n ó bá a mu.

"Àǹtí," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "ẹ̀mú tí ẹ kì í jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn nìyẹn."

"Mo mọ èyí tó jẹ́."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́."

"Tìẹ lo gbà yẹn. Tèmi nìyí."

Ọ̀gá ti dìde lórí àpótí. Ó wá dúró tì í, ó sì bi í léèrè bí wọ́n ṣe máa ń bi gbogbo èèyàn, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ṣé o fi í sílẹ̀?"

Àǹtí Ajórin di ẹ̀mú náà mú. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ó pẹ́ tó ohun tí mo fi rò pé ó fẹ́ gbé e padà sínú àpò.

"Mo fi í sílẹ̀, Ọ̀gá."

Ó fa ìbòjú bojú. "Oníjó, kó irin yẹn kúrò lọ́nà," ó ní lábẹ́ rẹ̀. "Ọkọ̀ ń bọ̀."

A jọ gbé lékèélékèé sínú ọkọ̀ nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní kí n dì mú. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, Àǹtí kò wò ó. Ó ń gbá ilẹ̀ níbi tí ẹyẹ náà ti dúró sí, ó gbá a títí ó fi mọ́ ju ibi tó kù lọ, ọwọ́ rẹ̀ kan sì ń lọ síbi àpò ìdí rẹ̀ lemọ́lemọ́. Mo mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń wá. Nígbà tí mo kí i pé ó dàárọ̀, ó ní kí n má pẹ́ dé lọ́la, irin pọ̀ nílẹ̀.

Mi ò lọ sínú yàrá mi. Mo lọ sí ìsọ̀ oníbúrẹ́dì níbi tí tẹlifóònù wà, mo pe ìsọ̀ olóògùn tó wà nítòsí ilé wa. Wọ́n ní kí n dúró. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi láti ojúlé dé ojúlé, lẹ́yìn náà mo gbọ́ sílípáàsì rẹ̀, tó ń sáré.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Èmi ni."

"Ó dáa. Sọ̀rọ̀."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti lékèélékèé, mo sọ ti ọ̀rọ̀ tí èmi àti Àǹtí gbọ́ ní ọ̀nà méjì. Mo ní àlùmọ́gàjí náà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹnu dé mọ́, kò sì lè gé nǹkan kan. Mo ń gbọ́ ohùn olóògùn tó ń ta oògùn ikọ́ fún ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ó gé ọ lọ́wọ́?"

"Rárá."

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Ta ni wọ́n ní ó sọ pé o fi í sílẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Àní kí ni ìwọ sọ?"

"Mo ní mo fi í sílẹ̀."

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti dà bíi ti ìyá wa gan-an, ohùn tó fi ń sọ pé kéèyàn má mí. "Àbúrò mi, bí àlùmọ́gàjí bá lanu, bó bá panu dé, kì í ṣe ìyẹn ni mo béèrè. Àlùmọ́gàjí wà lọ́jà. Mo fún ọ ní tìyá wa kó lè máa fà ọ́ wálé ni. Bó bá jẹ́ pé o ti mọ̀ nínú ara ẹ pé o ò ní bọ̀, sọ ọ́ fún mi lálẹ́ yìí. N ó lọ ra òmíràn lọ́la, n ó gé aṣọ yìí, n ó sì wọ̀ ọ́. Mi ò ní bínú. Ṣé kí n gé e?"

Oníbúrẹ́dì ti ń pa iná ìsọ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ìdí mi, irin náà wà níbẹ̀, ó la ẹnu, ó ń gún mi.

"Má gé e," mo ní. "Mò ń bọ̀."

"Ó dáa," ó ní, ó sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Ọ̀nà gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Iṣẹ́ kan bí òmíràn, ìlú kan fà mí sí òmíràn, orí èmi náà ti wá dà bí ti Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà, kò ríran fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ara tí ìyá wa wọ̀n nígbà náà kò sí lára rẹ̀ mọ́; bí wọ́n bá gé aṣọ náà lónìí, mi ò mọ ẹni tó máa gbà á. Ó ṣì máa ń pè mí. Kì í béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀. Bí a bá ti kí ara wa tán, tí a ti ka ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó bímọ, á ní:

"Aṣọ wà níbí o."

Èmi náà á wo orí tábìlì.

"Àlùmọ́gàjí wà níbí."